Ganache Olóòórùn Irú Tó Ba Orúkọ Mi Jẹ́

Tí ẹ bá rí ìyá àgbà kan lórí Harrow Manorway tó dúró síwájú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù oníkéèkì, tó ń wo ṣokoléètì orí kéèkì tó sì ń mi orí, ẹ má pe ọlọ́pàá, èmi ni. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú mi ò tíì fẹ̀yìn tì. Sìdíkátù lorúkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Auntie Sìdí lẹ́nu àwọn ará Thamesmead. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni wọ́n tún fi pè mí ní orúkọ mìíràn láti Woolwich títí dé Abbey Wood. Auntie Onírú ni. Bí orúkọ yẹn ṣe bá mi, àti bó ṣe fi mí sílẹ̀, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ kọ́, ẹ máa ń bi mí bóyá èèyàn lè fi kéèkì jẹun nílùú yìí. Ó lè fi jẹun. Mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, mi ò sì jalè. Ọ̀rọ̀ owó ti tán nìyẹn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Iṣẹ́ mi ni ganache. Ṣokoléètì àti kíríìmù ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó gbé kíríìmù kaná, ẹ ó dà á lé ṣokoléètì tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́, ẹ ó rò ó pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi rò pé àwọn mọ̀ ọ́n ṣe, ìdí nìyẹn náà tí mo fi ń mi orí níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé London, ilẹ̀ ọ́fíìsì ni mò ń fọ̀ ní Woolwich. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ra iṣu ní Plumstead High Street nígbà tí mo rí obìnrin kan tó gbé páálí mẹ́ta léra wọn, tó ń wá ẹni tó máa bá a ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Mo bá a ṣí i. Ó mú ohun róbótó kan jáde nínú páálí, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ lọ. Truffle ni, ìyẹn ganache tó ti dì, tí wọ́n fi ọwọ́ yí róbótó, tí wọ́n wá yí mọ́ ìyẹ̀fun kòkó. Mi ò lè lọ mọ́. Inú oko kòkó ni bàbá mi gbó sí, kò sì fẹnu kan ṣokoléètì títí tó fi kú. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì yẹn pẹ̀lú iṣu mi lọ́wọ́, omi sì ń bọ́ lójú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mummy, ẹ kọ́ mi," ni mo wí.

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Aago mélòó lo máa ń jí?"

"Aago mẹ́rin, Mummy."

"Ó ti pẹ́ jù, but we'll manage it. Monday ni kó o wá."

Mummy Tọ́lá nìyẹn, ọ̀gá mi. Ọmọ Mushin ni, Kristẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ tọkàntọkàn, tó tún gba ìmọ́tótó gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú kíṣìnnì ilé rẹ̀ ní Abbey Wood la ti ń ṣiṣẹ́, òun, èmi, àti Tọ́lá ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ ka ìwé. Ọ̀gá mi ò gbà kí èékánná mi gùn, kò gbà kí n fín lọ́fíńdà, kò gbà kí ẹ̀kán omi kan wà nínú abọ́. Tí omi bá kan ṣokoléètì tó ń yọ́, ńṣe ló máa le gan-an bí ẹrẹ̀ tó ti gbẹ. Mo ti ba abọ́ mẹ́ta jẹ́ kí n tó gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó tì mí lójú jù. Kíríìmù tán lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi ò sí nílé, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Mo ṣí mílíìkì inú agolo, irú èyí tí à ń dà sínú tíì nílé wa, mo dà á lé ṣokoléètì. Ó pọ́n, ó ń dán, mo ń kọrin. Nígbà tó di ọ̀la, ó ṣì ń ṣàn bí omi. Ọ̀rá inú mílíìkì yẹn ò tó láti mú un dì. Mummy Tọ́lá wò ó, kò pariwo. Ó dà á sínú ìgò ńlá kan, ó ní kí n gbé e lọ sílé, kí n máa fi jẹ búrẹ́dì ní àárọ̀ àti alẹ́ títí tó fi máa tán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Mi ò jẹ́ fi mílíìkì agolo ṣe ganache mọ́ láyé mi.

Orí ìka ni ọ̀gá mi ti máa ń ka òṣùwọ̀n fún mi. Tí ẹ bá fẹ́ fi bo kéèkì kó le dáadáa, tàbí tí ẹ fẹ́ fi ṣe truffle, ìlọ́po méjì ṣokoléètì sí kíríìmù kan. Tí ẹ bá fẹ́ dà á lé kéèkì kó máa ṣàn sísàlẹ̀ pẹ̀lú dídán, tàbí kí ẹ fi sáàárín, kí méjèèjì dọ́gba. Tí ẹ bá fẹ́ kó fúyẹ́ kí ẹ lè lù ú kó hó bí ọṣẹ, kí kíríìmù jẹ́ ìlọ́po méjì, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó lù ú. Èyí tí ẹ máa dà sórí ice cream, ẹ tún fi kíríìmù díẹ̀ kún un. Ṣokoléètì funfun ní tirẹ̀ rọ̀ ju gbogbo wọn lọ, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ni kí ẹ lò tí ẹ ò bá fẹ́ kó dójú tì yín.

Kíríìmù ò gbọdọ̀ hó yaya. Tó bá ti ń yọ ìfófòó kéékèèké létí ìkòkò, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ dà á lé ṣokoléètì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mummy Tọ́lá máa ń kọ orin ìjọ rẹ̀ kan ẹsẹ mẹ́rin kó tó rò ó. Èmi máa ń ka àdúrà mi sínú, a sì jọ máa ń parí. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ẹ máa rò ó yíká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tí dídán yẹn fi máa dé etí abọ́. Tí òróró bá yà sọ́tọ̀, ẹ má sunkún. Ẹ fi ṣíbí mílíìkì lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan sí i, kí ẹ rò ó padà.

Ohun tó le jù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ni títọ́ wò. Gbogbo abọ́ tí a bá ṣe, èmi ló máa ní kí n tọ́ ọ wò, kì í sì í gba "ó dùn" lọ́wọ́ mi.

"Ó dùn bí kí ni? Níwájú ahọ́n ni àbí lẹ́yìn? Talk to me, Sìdí."

"Ó korò díẹ̀ lẹ́yìn, Mummy. Kíríìmù rẹ̀ sì wúwo lẹ́nu."

"Òórùn ńkọ́?"

"Bíi kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ni."

Òun náà á wá fi ṣíbí kan ẹnu, á ní, "Tún un ṣe." Fún ọdún mẹ́ta, kò sọ fún mi rí pé ó dára. Mo ń lá àlá ọ̀rọ̀ yẹn. Tó bá di oṣù ààwẹ̀, ó máa ń dá iṣẹ́ ṣokoléètì dúró pátápátá, á ní òun fẹ́ sinmi. Mo rò pé tìtorí ẹ̀sìn mi ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń gbàdúrà fún un.

Ọdún kẹta, ààwẹ̀ bọ́ sí ìgbà ooru, nígbà tí oòrùn ò lọ sùn títí aago mẹ́sàn-án fi ń kọjá. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ gba freedom, kí ọ̀gá mi gbàdúrà fún mi níwájú èèyàn, kí n lè máa ṣe tèmi lábẹ́ orúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n Ṣadé, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, fẹ́ ṣègbéyàwó, Mummy Ṣadé sì ti sọ fún gbogbo ayé ẹni tó máa ṣe kéèkì náà. Ọ̀gá mi ò lè sọ pé rárá. Kéèkì alájà mẹ́rin ni, ganache nínú, ganache lóde, pẹ̀lú igba truffle fún àwọn àlejò.

Ní Thursday, mo po ganache náà tán. Nylon tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń bo ojú rẹ̀ ti tán nílé, mo bá fi àwo dé e, mo gbé e sínú fíríìjì. Nígbà tí mo dé ní Friday, òórùn irú ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò ọ̀gá mi ti Èkó dé lálẹ́ àná, ó sì to nylon irú mẹ́ta sínú fíríìjì, sórí abọ́ mi gan-an.

Ẹ gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi o. Mo gbọ́ òórùn yẹn, mi ò sọ̀rọ̀. Mo rò ó pé ìyáálé ilé wà níbẹ̀, imú rẹ̀ wà lójú rẹ̀, ta ni èmi ọmọ iṣẹ́ tí màá ní kí wọ́n kó ẹrù àbúrò ọ̀gá mi síta? Mo kàn gbé abọ́ mi jáde. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, òórùn yẹn ti mọ́ mi lára, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ahọ́n nìkan ló kù tó lè sọ òótọ́.

"Tọ́ ọ wò," ni ọ̀gá mi wí.

"Mummy, mò ń gbààwẹ̀. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

"Just touch it with your tongue, kó o tu ú dànù."

Àwọn alfa kan gbà pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n olóríkunkun ni mí, mo ní mi ò ṣe. Ó dúró, ó wò mí, ó wo aago. Lẹ́yìn náà ló mú ṣíbí, ó fi kan ẹnu, ó gbé e kalẹ̀.

"Ó dára," ló wí. "Máa fi bo kéèkì."

Ayọ̀ tó gbà mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè fẹnu sọ ọ́. Mo ń kọrin bí mo ṣe ń bo kéèkì náà.

Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Saturday. Ṣadé àti ọkọ rẹ̀ gé kéèkì, wọ́n fi há ara wọn lẹ́nu, ẹ̀rín sì parẹ́ lójú wọn. Bàbá ọkọ jẹ truffle kan, ó bi aya rẹ̀ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi gbọ́, "Ta ló se ọbẹ̀ sínú ṣokoléètì?" Mummy Ṣadé wá bá wa ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló ṣe eléyìí? Who did this to my daughter?"

Mo ń retí ọ̀gá mi. Ó wo ilẹ̀. "Sìdí ló ṣe é," ló wí.

Òótọ́ ni, èmi ló ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sọ pé òun tọ́ ọ wò. Wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà dé ẹnu ọ̀nà, kí n sì tó délé, wọ́n ti sọ mí ní Auntie Onírú. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ freedom.

Mo ti pinnu pé mi ò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní Monday, ó pè mí pé kí n wá bá òun ní Birchmere Park. Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì létí omi, ojú rẹ̀ ti wú.

"Sìdí, mi ò gbóòórùn," ló wí.

"Òórùn kí ni, Mummy?"

"Òórùn kankan. Ọdún tó ṣáájú kí n tó mọ̀ ẹ́, mo ṣubú lórí yìnyín níwájú station, mo forí gbálẹ̀. Doctor said maybe it will come back. Kò padà. Mo ṣì ń mọ iyọ̀, mo ń mọ ṣúgà, mo ń mọ ohun tó korò. Ìyókù, páálí ni mò ń jẹ. Ìwọ ni mo fi ń tọ́ nǹkan wò láti ọjọ́ yìí."

"Ẹ wá ní ó dára?"

"Kí ni kí n wí? O ní oò tọ́ ọ wò, kéèkì sì ń dúró."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ọdún mẹ́ta retí, ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ ló sọ ọ́ fún mi. Mo dìde. Ó di etí aṣọ mi mú, ọ̀gá mi tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ń bẹ̀rù.

"Tí wọ́n bá gbọ́, mo ti parí nìyẹn. Ta ló máa ra ṣokoléètì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ adùn? Tọ́lá ṣì wà ní school. Mi ò ní kó o parọ́ o. Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́, má tíì sọ ọ́."

Mo ronú nípa orúkọ mi. Mo ronú nípa Tọ́lá tó ń kàwé ní kọ̀rọ̀ kíṣìnnì. Àánú obìnrin yẹn ṣe mí ju bí inú ṣe ń bí mi lọ. Mo ní ó dáa, mi ò ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n irú ò gbọdọ̀ wọ fíríìjì yẹn mọ́ láéláé. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà síbẹ̀, ọdún mẹ́jọ sì kọjá. Nǹkan yí padà nídìí iṣẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ la fi ń gé ṣokoléètì tó le bíi bíríkì, ìyẹn ló sì ba ọrùn ọwọ́ mi jẹ́ tó lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níkẹyìn. Lẹ́yìn náà ni èyí tó dà bíi bọ́tìnnì dé, tí kò nílò gígé. Ọrùn ọwọ́ la fi ń mọ bó ṣe gbóná tó tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan wá ń ka ìgbóná rẹ̀ fún wa. Bílẹ́ńdà ọlọ́wọ́ dé, ó sọ èyí tó yà di dídán láàárín ìṣẹ́jú kan. Maikirowéfù náà dé, mo bá a jà, mo sì gbà fún un. Àwọn oníbàárà tí ara wọn ò gba mílíìkì ń wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wàrà àgbọn ṣe tiwọn, ó sì ń dì dáadáa. Àwọn ọmọ wa wá ń gbé fóònù wá pẹ̀lú àwòrán kéèkì tí ṣokoléètì ń kán létí rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí dára, mi ò bá yín jiyàn, àmọ́ títí di òní, mi ò tíì rí èyí tó ń tọ́ nǹkan wò.

Èmi ni mò ń tọ́ ọ wò. Mummy Tọ́lá ló gba ìyìn, mo gba orúkọ burúkú. Tí mo bá gbé tèmi síta, wọ́n á bi mí bóyá ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ìgbà ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, àwọn arábìnrin mi ní mọ́ṣáláṣí á ra kéèkì ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì gbé e kọjá níwájú mi. Lọ́jọ́ kan, Rísì ọmọ mi ti school dé.

"Mum, ṣé òótọ́ ni pé o put irú in somebody's wedding cake?"

"Òótọ́ ni," mo wí.

"That's so embarrassing, man."

Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wọ yàrá, mo sunkún, mi ò sọ ọ́.

Ọdún tí Tọ́lá jáde ní yunifásítì, ọ̀gá mi sọ fún mi lójijì pé ó ti tó àkókò freedom mi. Ó pe gbogbo oníbàárà rẹ̀ sí gbọ̀ngàn kékeré kan ní Abbey Wood, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àti àwọn ará mọ́ṣáláṣí mi. Mummy Ṣadé jókòó síwájú, ó káwọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ń retí àdúrà. Ọ̀gá mi di ọ̀bẹ ṣokoléètì tó fẹ́ fún mi mú, kò tíì fi lé mi lọ́wọ́.

"Kí n tó gbàdúrà," ló wí, "ẹ gbọ́. Èmi ni mo tọ́ kéèkì Ṣadé wò. Èmi ni mo ní ó dára. Ọdún kejìlá rèé tí mi ò gbóòórùn, tí mi ò mọ ìtọ́wò. Sìdí mọ̀, ó sì bò mí láṣìírí. Ẹ má pè é ní orúkọ yẹn mọ́. Èmi lẹ ń pè."

Mummy Ṣadé dìde.

"So all these years, ta ló ń tọ́ ohun tí à ń jẹ wò?"

Ọ̀gá mi nawọ́ sí mi. Mummy Ṣadé wá gbé mi dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Sìdí, mo ti bú ẹ jù. Ọmọ Ṣadé máa pé ọdún kan ní oṣù tó ń bọ̀. Ìwọ ni kó o ṣe kéèkì ẹ̀. Ìwọ o."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù mi ò sinmi. Mo fi ojú ara mi rí i pé oníbàárà Mummy Tọ́lá ni gbogbo wọn. Kò sẹ́nì kankan tó pe ọ̀gá mi mọ́. Mo ti gba orúkọ mi padà, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn, torí mo mọ̀ pé ó ti mọ̀ pé báyìí ló máa rí kó tó la ẹnu.

Ní Monday kan, agogo ẹnu ọ̀nà mi dún. Ọ̀gá mi ni. Ó gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká épírọ́ọ̀nù rẹ̀ sábẹ́ abíyá.

"Sìdí," ló wí, "níbo ni kí n ti fọwọ́?"

Mo fà á wọlé, mo bá a so épírọ́ọ̀nù náà lẹ́yìn, mo mú un lọ sídìí tábìlì níbi tí ganache truffle ti ń dì. Mo fi ṣíbí kan ẹnu.

"Ó kọ́kọ́ korò díẹ̀, Mummy, ó wá dùn lẹ́yìn. Kíríìmù rẹ̀ ò wúwo. Ó ń ta sánsán bíi kòkó tuntun."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ ẹ́. "Ó yá," ló wí, "jẹ́ ká yí i kó tó le jù."

A jókòó, a ń yí i. Láti ọjọ́ yẹn, ọdún mọ́kànlá sí i la fi jọ yí i.